Alaska: Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, èwo ni kí ẹ sanwó fún?

Lọ́dọọdún, láti oṣù Kẹrin wọ oṣù Kẹwàá, àwọn ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ ńláńlá máa ń gba àárín àwọn erékùṣù gúúsù ìlà-oòrùn Alaska kọjá. Òmíràn nínú wọn ń gbé èrò tó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lọ. Owó ọkọ̀ nìkan sì kọ́ ni èrò ń san. Kí ó tó di ẹrù rárá ni ìpolówó á ti máa rọ́ dé: ẹ wá wo àbùùbùtán, ẹ wá gun hẹlikópítà lọ sórí yìnyín, ẹ wá wo béárì létí odò, ẹ wá wọ ọkọ̀ ojú irin ayé àtijọ́. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin tó bá ní òun ò ní fi ọ̀kankan sílẹ̀ lè ná owó lórí àwọn ìjáde yìí ju èyí tó san fún ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ.

Kò sídìí fún un. Lójú tèmi, ẹyọ kan péré ló yẹ kéèyàn fi owó ńlá lé lórí nínú ìrìnàjò ọlọ́jọ́ méje bẹ́ẹ̀, ìyẹn ohun tí ọkọ̀ ńlá kò lè gbé e dé, tí ẹsẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kò sì lè gbé e dé. Ìyókù, ẹ máa rí púpọ̀ nínú rẹ̀ láti orí ọkọ̀, ẹ sì lè fẹsẹ̀ rìn tàbí wọ bọ́ọ̀sì dé ibi tó kù.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tí kò gba kọ́bọ̀ bẹ̀rẹ̀. Glacier Bay jẹ́ ọgbà ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá méjì péré ni wọ́n ń gbà láàyè níbẹ̀ lójúmọ́. Èrò kì í sọ̀ kalẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà ló ń gun ọkọ̀ wá bá wọn, tí wọ́n á gba gbohùngbohùn, tí wọ́n á máa ṣàlàyé ohun tí ojú ń rí. Bí ọkọ̀ bá dé iwájú Margerie, odò yìnyín tí ìbú rẹ̀ tó máìlì kan, á dúró, á máa yí díẹ̀díẹ̀ kí àwọn tó wà lápá kejì náà lè rí i. Àwọ̀ búlúù rẹ̀ ló máa ń ya àlejò lẹ́nu jù. Òjò dídì tó ti ń gun ara rẹ̀ lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún ló di yìnyín náà. Ó ti ki débi pé ó máa ń gbé àwọ̀ pupa inú ìmọ́lẹ̀ mì, búlúù ló sì ń jẹ́ kó dé ojú wa. Bí ègé kan bá já, ẹ máa kọ́kọ́ rí i tó ń ṣubú láìdún. Lẹ́yìn náà ni ariwo rẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ dé etí yín, nítorí ọkọ̀ jìnnà sí i ju bó ṣe rí lójú lọ. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó gbọ́ ariwo kó tó yọ fóònù, ó ti pẹ́.

Lọ́dún 1794, nígbà tí àwọn atukọ̀ ọ̀gákọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, George Vancouver, ń ya àwòrán etíkun yìí, yìnyín ló dí gbogbo ibẹ̀ pa àfi ẹnu ọ̀nà díẹ̀. John Muir, onímọ̀ nípa àdánidá, débẹ̀ lọ́dún 1879, ó bá a pé yìnyín ti fà sẹ́yìn ju ogójì máìlì lọ. Lónìí, ó ti fà tó máìlì 65. Gbogbo èyí, orí ọkọ̀ lẹ ti ń wò ó, pẹ̀lú tíì gbígbóná lọ́wọ́. Nítorí náà, bí Glacier Bay bá wà lórí ìwé ìrìnàjò yín, ẹ má sanwó fún ọkọ̀ kékeré mìíràn tó fẹ́ gbé yín lọ wo yìnyín níbòmíràn.

Juneau ló máa ń da èrò láàmú jù. Òun ni olú-ìlú Alaska, síbẹ̀ kò sí títì kankan tó ti inú rẹ̀ jáde lọ sí ìlú mìíràn. Ojú omi tàbí òfúrufú ni wọ́n ń gbà dé ibẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ kò ju nǹkan bíi 32,000 lọ. Èrò ọkọ̀ pọ̀ débi pé ìjọba ìlú bá àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ṣàdéhùn pé láti ọdún 2024, ọkọ̀ ńlá tó ń gúnlẹ̀ lóòjọ́ kò ní ju márùn-ún lọ. Àdéhùn kejì, tó wà fún ọdún 2026 síwájú, fi gbèdéke lé iye ibùsùn inú gbogbo ọkọ̀ tó bá wá lọ́jọ́ kan: 16,000, àti 12,000 lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ìdajì ará ìlú ni wọ́n gbà kó máa rọ́ wọlé láàárọ̀, kó tún jáde lálẹ́.

Èyí kan ohun tí ẹ máa yàn. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń gbé orúkọ àwọn ọkọ̀ tó máa gúnlẹ̀ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan sí, ẹnikẹ́ni sì lè wò ó. Bí ọkọ̀ márùn-ún bá máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tiyín, ẹ mú ìjáde tó kọ́kọ́ gbéra láàárọ̀ tàbí èyí tó kẹ́yìn.

Àbùùbùtán ni mo máa ní kí ẹ sanwó fún ní Juneau. Àwọn àbùùbùtán oníké tó ń lo ìgbà òtútù ní Hawaii máa ń wẹ omi wá síbi yìí láti wá jẹun, nítorí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan jẹ lọ́hùn-ún. Gígùn wọn lè tó mítà 15, ìwúwo wọn sì lè tó tọ́ọ̀nù 40. Wọn kì í ṣòro rí nígbà ooru. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ níbẹ̀ ń ṣèlérí láti dá owó padà bí ẹ ò bá rí ọ̀kankan. Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ rí ni èémí rẹ̀ tó tú sókè bí eruku funfun. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yìn dúdú á yọ, á tẹ̀ kọrọdọ. Bí ìrù bá wá gbé sókè kúrò nínú omi, ó ń wọ ìsàlẹ̀ lọ nìyẹn, ó sì lè tó ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó padà yọjú. Òfin ní kí ọkọ̀ kankan má sún mọ́ ọn ju yáàdì ọgọ́rùn-ún lọ, torí náà ẹ mú awò awọ̀nàjíjìn dání. Bí afẹ́fẹ́ bá sì fẹ́ èémí rẹ̀ wá sọ́dọ̀ yín, ẹ múra sílẹ̀. Òórùn ẹja tó ti rà ni.

Ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ tí ìpolówó kì í sọ. Auke Bay ni àwọn ọkọ̀ kékeré náà ti ń gbéra, ó sì tó nǹkan bí ìdajì wákàtí nínú bọ́ọ̀sì láti ibi tí ọkọ̀ ńlá gúnlẹ̀ sí. Ìjáde tí wọ́n pè ní wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀, títì máa jẹ nǹkan bíi wákàtí kan nínú rẹ̀ ní àlọ àti àbọ̀. Wákàtí tí ẹ máa lò lórí omi gan-an ni kí ẹ bèèrè.

Bí ọkọ̀ yín bá máa dúró ní Icy Strait Point, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Hoonah, ibẹ̀ ni kí ẹ ti wo àbùùbùtán, kí ẹ fi ti Juneau sílẹ̀. Láti èbúté gan-an ni ọkọ̀ kékeré ti ń gbéra, ibi tí àwọn ẹranko náà ti ń jẹun kò sì jìnnà. Ilé-iṣẹ́ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Tlingit, Huna Totem Corporation, ló ni èbúté ọ̀hún. Glacier Bay tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè, ilẹ̀ baba ńlá wọn ni. Ó dùn mọ́ mi pé owó yín á dé ọwọ́ onílẹ̀.

Ìjáde hẹlikópítà, níbi tí wọ́n ti ń gbé èèyàn lọ sórí yìnyín láti lọ wọ ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí ajá ń fà, wà lára àwọn tó wọ́n jù. Ó máa ń ju 500 dọ́là lọ fún ẹnìkan, nígbà tí àbùùbùtán kì í sábà ju 200 lọ. N kò bu ẹnu àtẹ́ lù ú; àwọn ajá ọ̀hún fẹ́ràn eré sísá, ìtara wọn kò ṣe é fi pamọ́. Ṣùgbọ́n kùrukùru kì í tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnì kankan, ó sì máa ń dá ìrìnàjò náà dúró lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n á tún gbé yín sórí ìwọ̀n kí ẹ tó wọlé, taṣọtaṣọ, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sì ń gba owó lé owó lọ́wọ́ ẹni tó bá ju kílò 113 lọ. Ẹ má bínú, ẹnikẹ́ni kò fi yín ṣẹlẹ́yà, ìwọ̀n bààlúù ni wọ́n ń ṣọ́.

Ti béárì, oṣù tí ẹ bá lọ ló máa pinnu ẹ̀. Oṣù Karùn-ún ni òjò máa ń dá díẹ̀ ní agbègbè yìí, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń yàn án. Ṣùgbọ́n béárì ń tẹ̀ lé ẹja salmon ni, àárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án sì ni ẹja náà máa ń wọ́ tìrítìrí wọnú àwọn odò kéékèèké. Ẹni tó bá lọ lóṣù Karùn-ún kò gbọdọ̀ fi owó lé béárì etí odò. Ẹni tó bá lọ lóṣù Kẹjọ lè rí béárì dúdú láìsan owó ìjáde létí Steep Creek, nítòsí odò yìnyín Mendenhall, tí orí bá ṣe é. Bọ́ọ̀sì ìlú Juneau ń lọ sítòsí Mendenhall. Bíi máìlì kan àti ààbọ̀ ló kù kí ẹ fẹsẹ̀ rìn.

Ní Ketchikan, òjò ló nílùú. Nǹkan bíi mílímítà 3,800 ló ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún, ó ju ìlọ́po méjì òjò Èkó lọ. Ohun tí wọ́n ń polówó jù níbẹ̀ ni bààlúù kékeré tó ń balẹ̀ sórí omi, tó ń gbé èèyàn lọ sí Misty Fjords, láàárín àpáta gíga àti omi dúdú. Ó rẹwà lóòótọ́. Ó sì ti pa èèyàn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, ọ̀kan kọlu òkè, èèyàn mẹ́sàn-án kú. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, méjì forí sọ ara wọn lófúrufú, èèyàn mẹ́fà kú. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, òmíràn já, gbogbo àwọn mẹ́fà tó wà nínú rẹ̀ kú. Èrò ọkọ̀ ojú omi wà nínú gbogbo wọn. Lórí ti ọdún 2015, àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá ìrìnnà ní Amẹ́ríkà, NTSB, sọ pé awakọ̀ wọnú ojú ọjọ́ tí kò dára, àti pé ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti sọ irú fífò bẹ́ẹ̀ dàṣà. Mi ò ní kí ẹ má wọ̀ ọ́. Ohun tí mo ní kí ẹ ṣe ni pé bí awakọ̀ bá ní òun ò fò lónìí, ẹ má bẹ̀ ẹ́, ẹ má sì sọ fún un pé ọkọ̀ yín ń lọ ní aago mẹ́rin. Ẹ gba owó yín padà.

Owó yẹn kò ní ṣòfò. Ní Creek Street, láàárín ìlú Ketchikan, tí wọ́n fi pákó kọ́ lé orí omi, ẹ lè dúró lórí afárá lóṣù Kẹjọ kí ẹ máa wo salmon tó ń fò gun omi. Bọ́ọ̀sì ìlú á gbé yín dé Saxman, níbi tí àwọn òpó igi gbígbẹ́ àwọn Tlingit dúró sí. Ẹni tó bá ti rí òpó ààfin nílẹ̀ Èkìtì á tètè lóye wọn: wọn kì í ṣe òrìṣà, ìtàn ìdílé ni wọ́n gbẹ́ sí wọn lára, ìdì, ẹyẹ ìwò, béárì, ọ̀kan lórí èkejì.

Skagway kò gba àròjinlẹ̀. Èèyàn bíi 1,200 ló ń gbé ibẹ̀, ọkọ̀ ojú irin White Pass sì ni ohun tí wọ́n ń lọ wò. Ọdún 1898 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rẹ̀ nítorí wúrà tí wọ́n rí ní Klondike, ní Kánádà, wọ́n parí rẹ̀ lọ́dún 1900. Kí ó tó dé, ẹṣin ni àwọn tó ń wá wúrà ń di ẹrù lé, nǹkan bíi 3,000 nínú wọn ló sì kú sójú ọ̀nà náà. Ẹ jókòó sápá òsì ní àlọ, ibẹ̀ ni ọ̀gbun wà. Bí ẹ bá dé òkè, wọ́n á ní kí ẹ yí ìjókòó, kí àwọn tó wà lápá ọ̀tún náà lè rí nǹkan.

Ṣé lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ni kí ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, àbí lọ́wọ́ àwọn ará ìlú? Tará ìlú máa ń dínwó, èrò inú rẹ̀ kì í sì í pọ̀. Ṣùgbọ́n bí èyí tí ẹ rà nínú ọkọ̀ bá pẹ́, ọkọ̀ á dúró dè yín. Bí èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín rà bá pẹ́, ọkọ̀ á lọ. Kò sí títì tí ẹ máa gbà lé e bá ní Juneau. Ìlànà tèmi rọrùn: ohun tó wà láàárín ìlú, ẹ rà á lọ́wọ́ ará ìlú, ohun tó ń gbé yín jìnnà, tó sì máa padà dé nígbà tó ku díẹ̀ kí ọkọ̀ gbéra, ẹ rà á nínú ọkọ̀. Kí ẹ sì yẹ aago wò: Alaska fi wákàtí kan wà lẹ́yìn Seattle àti Vancouver, aago inú ọkọ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe ti fóònù.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tó ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà. Òfin Amẹ́ríkà kan tó ti wà láti ọdún 1886 kò jẹ́ kí ọkọ̀ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè gbé èrò láti Seattle lọ Alaska kó sì dá wọn padà sí Seattle láìyà sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń dúró ní Victoria, ní Kánádà, tí àwọn mìíràn sì ń gbéra láti Vancouver. Ẹni tó ní gíríìn káàdì, káàdì náà àti pásípọ́ọ̀tù ti tó o láti wọ Kánádà. Ẹni tí kò ní in, ó nílò físà Kánádà, ó sì gbọ́dọ̀ mọ bóun ṣe máa padà wọ Amẹ́ríkà, torí pé ní oṣù Keje ọdún 2025, Amẹ́ríkà sọ ọ̀pọ̀ físà tó ń fún ọmọ Nàìjíríà nígbà náà di ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ọkọ̀ ojú irin Skagway náà ní èyí tó ń yí padà lórí òkè láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀ kalẹ̀, ó sì ní èyí tó ń gbé èrò wọ Kánádà tààrà. Ìkejì yìí ń béèrè ìwé. Òfin físà ń yí padà lemọ́lemọ́, nítorí náà ẹ pe ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ àti ọ́fíìsì físà kí ẹ tó sanwó, kó má jẹ́ lẹ́yìn tí owó ti wọlé tán.