Ìdí Tí Àṣá Kò Fi Pọ̀ Tó Eku

Kí ló dé tí eku fi kún oko, tí tata kò lóǹkà, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé àṣá kan ṣoṣo ni ó ń rà bàbà lókè? Oòrùn ni ó ń bọ́ gbogbo wọn, ṣùgbọ́n oúnjẹ náà a máa jò dànù lójú ọ̀nà.

Ọ̀mọ̀wé Howard Odum, ará Amẹ́ríkà, wọn èyí nínú omi Silver Springs ní Florida, ó sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1957. Ní ìwọ̀n mítà kan níbùú lóròó, koríko inú omi fi oòrùn ṣe oúnjẹ tó 20,810 kílókálórì lọ́dún kan. Ìjàpá odò àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń jẹ koríko rí 3,368 gbà níbẹ̀. Àwọn tí ń jẹ wọ́n rí 383. Ẹja ńlá tí ń jẹ ẹja ńkọ́? 21 péré!

Ibo ni ìyókù wọlé sí? Púpọ̀ ti di ooru níbi mímí àti lílúwẹ̀ẹ́, ooru tó bá sì ti lọ kò tún padà. Òkú àti ìgbẹ́ di ti àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín. Ìdí kan nìyí tí ẹja ńlá fi ń tètè tán lódò tí a bá ń pa á láìdábọ̀.

Bí ẹran bá sì wọ́n ju ẹ̀kọ lọ, ẹ má dá alápatà nìkan lẹ́bi. Àgbàdo tí a fi bọ́ adìẹ, díẹ̀ ni ó di ẹran. Ìyókù ni ó fi sáré kiri àgbàlá, tí àkùkọ sì fi kọ ní ìdájí.