Owó iṣẹ́ abẹ nìkan kọ́: Ẹ ṣírò owó oògùn eegun mọ́ ọn

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá oníṣòwò kan ní Ojú Ore, l'Ọ́tà, yọ̀ ṣubú nínú ilé, eegun ìgbáròkó rẹ̀ sì kán. Àwọn ọmọ dáwó jọ, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn eegun tìjọba àpapọ̀ tó wà n'Ígbóbì, l'Ékòó, láti ọdún 1945. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ tán, gbogbo ilé mí kanlẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti máa ń ṣi owó kà.

Iṣẹ́ abẹ ń to eegun tó kán ni, kò wo ohun tó sọ ọ́ di ẹlẹgẹ́. Bí àgbàlagbà bá ṣubú lásán tí ìgbáròkó rẹ̀ kán, ó ṣeé ṣe kí àìsàn tó ń jẹ eegun láti inú, tí àwọn dókítà ń pè ní osteoporosis, ti wà lára rẹ̀. Bí wọn ò bá tọ́jú ìyẹn, eegun mìíràn lè kán, ìnáwó á tún bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún 2007, ìwádìí tí wọ́n ṣe lára èèyàn tó lé ní 2,000 tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ìgbáròkó fún fi hàn pé abẹ́rẹ́ zoledronic acid, tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, dín kíkán eegun mìíràn kù ní ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Dókítà ní láti kọ́kọ́ yẹ kíndìnrín wò.

Oníhóró tún wà: alendronate, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Láti ọdún 2008 tí ẹ̀tọ́ tí ilé iṣẹ́ Merck nìkan ní lórí rẹ̀ l'Amẹ́ríkà ti parí, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn náà ń ṣe é, tiwọn kì í sì í wọ́n tó ti Merck. Nítorí náà, orúkọ oògùn ni kẹ́ ẹ bèèrè, kì í ṣe orúkọ ilé iṣẹ́. Ẹ béèrè iye rẹ̀ ní kẹ́mísìtì méjì sí mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì wo nọ́ńbà NAFDAC. Àárọ̀ kùtù ni wọ́n ń lò ó, pẹ̀lú omi lásán kún ife, kóúnjẹ tó kan ẹnu. Ẹni tó lò ó kò gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, kó má baà jó o lọ́nà ọ̀fun.

Òfin ọdún 2022 ti sọ ìbánigbófò ìlera di dandan. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ní Sàngó-Ọ̀tà, ẹ bèèrè nísinsìnyí bóyá tiyín kan òbí, iṣẹ́ abẹ eegun, oògùn àti kíkọ́ aláìsàn bí yóò ṣe tún rìn.

Bẹ́ ẹ bá ń dáwó, ẹ ka oògùn, ọ̀pá ìrìn àti owó ọkọ̀ lọ sí Igbóbì mọ́ ọn. Owó oògùn lè dà bí ẹrù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ kejì lè gbé ọjà lọ pátápátá.