Iná tó ṣeé gbé sínú ọkọ̀: sólà ní etíkun Ìlàjẹ

Ọ̀rọ̀ sólà la fẹ́ sọ lónìí, àmọ́ kì í ṣe sólà orí òrùlé Lẹ́kìí. Etíkun Ìlàjẹ ni mo ní lọ́kàn, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí ọ̀pọ̀ ìlú ti lò ju ọdún mẹ́wàá lọ láìrí iná ìjọba, tí òkun sì tún ń jẹ ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

Ẹ wo Ayétòrò. Ọdún 1947 ni wọ́n tẹ ìlú náà dó. Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé nígbà tó máa fi di 1953, iná mànàmáná ti ń tàn níbẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan àtùpà. Lónìí, apá púpọ̀ nínú ìlú yẹn ti wà lábẹ́ òkun.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ìbéèrè àkọ́kọ́ níbẹ̀ kì í ṣe "ṣé oòrùn tó?" Oòrùn tó. Ìbéèrè náà ni pé, bí mo bá ní láti kó kúrò níbí lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé iná mi á bá mi lọ?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Sílíkọ́ọ̀nù ló wà nínú páńẹ́lì, inú iyanrìn ló sì ti ń wá. Àwọn ará Igbókọ̀dá á rẹ́rìn-ín níbí yìí, torí nítorí iyanrìn tiwọn ni wọ́n ṣe gbé iléeṣẹ́ Oluwa Glass síbẹ̀ láyé ọjọ́sí. Tí ìmọ́lẹ̀ bá kan sílíkọ́ọ̀nù, á ta àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú rẹ̀ jí. Wọn á gba ojú kan jáde sínú wáyà, wọn á gba ojú kejì wọlé padà. Ìṣàn yẹn ni iná. Nígbà tí Bell Labs ní Amẹ́ríkà gbé èyí tó wúlò jáde ní 1954, nǹkan bí 6 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tó bá kàn án ló ń sọ di iná. Tọjà báyìí ń ṣe bíi 20.

Ìmọ́lẹ̀ ni mo wí o, n ò wí ooru. Ooru gan-an ni ọ̀tá rẹ̀. Tí páńẹ́lì bá gbóná kọjá digíríì 25, agbára rẹ̀ á máa fi nǹkan bí 0.4 nínú 100 dín kù fún digíríì kọ̀ọ̀kan. Lórí páànù tó ń hó lọ́sàn-án, ó lè dé 60. 14 nínú 100 ti lọ nìyẹn. Ẹ fi àlàfo tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ láàárín òun àti páànù, kí atẹ́gùn òkun máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ó wá kan ìṣirò, ibi tí àwọn tó ń tà á máa ń sáré kọjá. Ẹ ka ohun tí ẹ fẹ́ lò kí ẹ tó ka owó. Gílóòbù mẹ́ta oníwáàtì 5, fún wákàtí 5, jẹ́ 75. Fáànù kékeré oníwáàtì 15, fún wákàtí 8, jẹ́ 120. Fóònù méjì, bíi 30. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 225 lójúmọ́. Oòrùn tó mú dáadáa létíkun wa ń lọ sí bíi wákàtí 4 lójúmọ́. Nígbà òjò, ẹ fi í sí 3. Ẹ yọ 30 nínú 100 fún ohun tó ń ṣòfò nínú wáyà àti bátìrì, ó ku 2.1. Tí ẹ bá fi 2.1 pín 225, ẹ ó rí 107. Páńẹ́lì wáàtì 120 sí 150 á gbé ilé yìí, ẹ ò tiẹ̀ nílò ínfátà.

Bátìrì ni owó ń bá lọ. Tí ẹ bá ń fa bátìrì irú ti mọ́tò kọjá ìdajì lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ kú. Lithium máa ń gba 80 nínú 100, ó sì ń tọ́jọ́ jù ú lọ. Fún alẹ́ méjì láìsí oòrùn, lithium 50Ah tó. Ti mọ́tò á tó 75Ah, ó sì lè wúwo tó kìló 20, nígbà tí lithium yẹn jẹ́ bíi kìló 6 tàbí 7. Ẹ rò ó wò nínú ọkọ̀.

Iyọ̀ wá ń kọ́? Atẹ́gùn òkun ń gbé e lé gbogbo irin, ìṣó lásán á sì dípẹtà kíá. Bóòtù stainless ni kí ẹ lò, kí ẹ sì béèrè bóyá páńẹ́lì náà yege ìdánwò IEC 61701. Ìdánwò iyọ̀ nìyẹn. Níbi tí wọ́n bá ti ń yan ẹja, èéfín á lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Omi òjò ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kì í ṣe omi òkun. Ẹ ṣọ́ òjìji ewé àgbọn náà: ńṣe ni àwọn sẹ́ẹ̀lì inú páńẹ́lì tò bí àwọn tó ń gba garawa lọ́wọ́ ara wọn. Tí ẹnì kan bá dúró, ìlà á falẹ̀.

Ní Gbamu Gbamu, ìpínlẹ̀ Ògùn, ibùdó sólà kìlówáàtì 85 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún abúlé náà ní 2018. Ó dára, ilẹ̀ tiwọn dúró. Níbi tí òkun ti ń sún mọ́lé, n ò ní sọ pé kí àdúgbò kó gbogbo owó wọn sórí kọnkéré kan. Kí ilé mẹ́ta mẹ́rin pa owó pọ̀, kí wọ́n gbé e sórí férémù igi tó ṣeé tú.

Tí ọjọ́ kíkó bá wá dé, ẹ rántí pé páńẹ́lì kò ní ibi pípa. Níwọ̀n ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ń kàn án, iná wà nínú wáyà rẹ̀. Ẹ fi aṣọ tó nípọn bò ó, tàbí kí ẹ dúró di alẹ́. Wáyà páńẹ́lì ni kí ẹ kọ́kọ́ já kúrò lára kọntiróla, kí ó tó kan ti bátìrì. Ẹ fi téèpù dí orí bátìrì méjèèjì, kí ẹ wá gbé e sórí pákó nínú ọkọ̀, níbi tí omi iyọ̀ kò ti ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.