Orin inú ọkọ̀: ẹ má ṣe fi gbogbo rẹ̀ sórí clé USB kan ṣoṣo

Ẹni tó bá wọ taasí ní Houinmè, ní ìlú Àjàṣẹ́ tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, tó ń lọ sí Kútọnu, á ti máa gbọ́ orin kó tó jókòó tán. Ọ̀nà náà tó nǹkan bí 30 kìlómítà. Bí ọkọ̀ bá há sójú ọ̀nà, èèyàn lè gbọ́ Sagbohan Danialou, ọmọ Àjàṣẹ́ gan-an, kó gbọ́ massè gohoun Yédénou Adjahoui, kó sì tún gbọ́ àpàlà Haruna Ishola àti sákárà Yusuf Olatunji kó tó sọ̀kalẹ̀. Inú clé USB kékeré kan ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní fúláàṣì.

Láyé kásẹ́ẹ̀tì, bí awakọ̀ bá ní ogún, tí rédíò bá jẹ ọ̀kan, mọ́kàndínlógún ṣì kù. Ti clé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tó bá kú, ohun gbogbo bá a lọ. Orin ọjà nìkan kọ́ ló sì wà níbẹ̀. Àwọn ilé kan ti kó kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń gbé ohùn sínú kọ̀ǹpútà: oríkì tí wọ́n kì níbi òkú bàbá, orin ìgbéyàwó, wáàsí ààfáà. Wọ́n kó o sórí clé, wọ́n fi sínú ọkọ̀, ó parí. Bí orin Sagbohan bá sọnù, a ó tún un rí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ohùn ìyá àgbà tó ti kú ńkọ́?

Kí ló ń pa clé? Oòrùn wà lára rẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ti gíláàsì rẹ̀ pa lọ́sàn-án, iwájú rẹ̀ lè gbóná kọjá 60 dígírì, ooru bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí clé pẹ́. Fífà á yọ nígbà tí orin ń lọ náà lè ba fáìlì jẹ́, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ pa rédíò. Ayédèrú tún wà. Wọ́n á kọ 64 Go sí i lára, inú rẹ̀ kò ju 4 tàbí 8 lọ. Á ṣe bí ẹni pé ó gba gbogbo orin tí ẹ kó sí i, àmọ́ èyí tó lé kò ní dún. Ẹ kó nǹkan kún un dẹ́nu, kí ẹ sì gbọ́ èyí tó wọlé kẹ́yìn, kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Nígbà míì, clé kò bàjẹ́ rárá, rédíò ọkọ̀ ni kò lè kà á. Àwọn tokunbọ̀, ọ̀pọ̀ rédíò wọn kò mọ ju ètò FAT32 lọ. Clé tó bá sì ju 32 Go lọ, exFAT ni wọ́n sábà máa ń fi sí i láti ilé iṣẹ́. Ẹ ní kí ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà yí i padà kí ẹ tó kó orin sí i, torí yíyí i padà á pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kì í sábà dún nínú ọkọ̀ bí wọn kò bá kọ́kọ́ sọ ọ́ di MP3.

Clé ńlá kò pọn dandan. MP3 tí wọ́n ṣe ní 128 kbps kì í ju nǹkan bí 1 Mo lọ ní ìṣẹ́jú kan. Kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí kan kò ju 60 Mo lọ, 16 Go sì lè gba orin ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún tó lé ní 3,000. Bí ojú kìíní àwo àpàlà bá ń dún lẹ́yìn ojú kejì, ẹ fi 01, 02, 03 ṣáájú orúkọ fáìlì, kí ẹ sì kó wọn wọlé tẹ̀léra. Àwọn rédíò kan kì í wo orúkọ, èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni wọ́n ń kọ́kọ́ lù. (Àwọn tó ń ta clé tí orin ti kún inú rẹ̀ mọ èyí dáadáa. Owó rẹ̀ kì í sì í kan olórin lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ BUBEDRA, ọ́fíìsì tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà ní Bẹ̀nẹ̀, wà níbẹ̀.)

Èyí tó wà nínú ọkọ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀dà lásán. Ẹ fi ọ̀kan sórí kọ̀ǹpútà tàbí díìsìkì nílé, kí ẹ fún ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń gbé ìlú míì ní òmíràn. Ẹ máa tẹ́tí sí wọn lọ́dọọdún, torí clé tó bá sùn sínú àpótí fún ọ̀pọ̀ ọdún láìrí iná lè gbàgbé ohun tó wà nínú rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti gbé ohùn inú rẹ̀ wá ńkọ́? Ẹ má jù ú nù. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ń kọrin àti ọdún rẹ̀ sí i lára, kí ẹ fi síbi tí òjò àti oòrùn kò dé.