Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Kí ló ń kùn nínú sípíkà yẹn?

Ẹ ti gbọ́ ọ rí: wọ́n tan ẹ̀rọ, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀, sípíkà ti ń kùn bí oyin. Iná mànàmáná ló ráyè wọ inú wáyà.

Ìdí rèé tí wáyà XLR fi ní ẹsẹ̀ 3. Ẹsẹ̀ 1 jẹ́ ti ààbò. Ẹsẹ̀ 2 àti 3 ló ń gbé ohùn: bí ọ̀kan bá ń lọ sókè, èkejì á máa lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ariwo tó bá kó wọ̀ wọ́n lójú ọ̀nà, ọgbọọgba ló ń bá àwọn méjèèjì. Míkísà á wá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì: ariwo pa ara rẹ̀ rẹ́, ohùn ṣẹ́ kù.

Àmọ́ ìyọkúrò yẹn gbọ́dọ̀ ṣe rẹ́gí. Résísítọ̀ 4 tó yí IC tó ń ṣe é nínú míkísà ká ló wà nídìí rẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ oní 1%, ìyẹn àwọn tí iye wọn lè fi 1% yẹ̀, ó lè burú débi pé 34 dB péré ni ariwo á fi dín kù, oní 0.1% á mú un dé bíi 54 dB, bó ti wù kó burú tó. Bill Whitlock, ará Amẹ́ríkà, tún rí i pé ibi tí ohùn ti ń bọ̀ gan-an kì í fún ẹsẹ̀ 2 àti 3 ní ìdènà iná tó dọ́gba, ló bá ṣe àgbékalẹ̀ kan tó ń jẹ́ InGenius, tí àìdọ́gba yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ dà láàmú.

Èmi o, bí sípíkà bá ń kùn, ẹsẹ̀ 1 ni mo kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò. Ara irin àpótí ẹ̀rọ ló yẹ kí wọ́n jó o mọ́, níbi tó ti wọlé gẹ́lẹ́, kì í ṣe inú bọ́ọ̀dù.