Kíndìnrín ní Íńdíà: Ta Ni Ẹ Kọ sí Ìwé Pé Ó Jẹ́ Àbúrò Yín?

Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọjọ́ Jímọ̀ kan tí a kì í gbọ́ ọ lẹ́yìn ìrun pé kíndìnrín arákùnrin wa kan ti dáṣẹ́ sílẹ̀, pé Íńdíà ni wọ́n ní kó lọ, kí jamáà dákun ràn án lọ́wọ́. A máa ń dá owó náà, Ọlọ́hun á sì fi àlùbáríkà sí i. Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́ ló lè dá aláìsàn dúró ní Delhi tàbí Chennai. Ọ̀rọ̀ ẹbí náà lè dá a dúró.

Òfin Íńdíà ti ọdún 1994 ka títà àti ríra ẹ̀yà ara léèwọ̀. Bí aláìsàn tàbí ẹni tó fẹ́ fún un ní kíndìnrín bá jẹ́ àjèjì, ìgbìmọ̀ kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí dókítà tó fi ọ̀bẹ kàn wọ́n. Ẹ́ńbásì orílẹ̀-èdè wọn náà gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí okùn ẹbí tó so wọ́n pọ̀. Ìgbìmọ̀ á pè wọ́n jókòó, á sì bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà ọmọ Yorùbá ti ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ àbúrò bàbá ẹni, àbúrò ni. Ọmọ tí ìyá ẹni gbà tọ́, àbúrò ni. Irọ́ kọ́ la ń pa. Ṣùgbọ́n ẹbí tímọ́tímọ́ nínú òfin tiwọn kò ju ọkọ tàbí aya, òbí, ọmọ, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí wọ́n jọ bíni, òbí àgbà àti ọmọ-ọmọ lọ. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé ọmọ ìyá òun ni, tí ìwé ọjọ́ ìbí wá sọ nǹkan mìíràn, wọ́n lè fura pé ńṣe ló ra kíndìnrín. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe jẹ́ gan-an: "ọmọ àbúrò bàbá mi ni." Òfin ò ti ilẹ̀kùn mọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ pátápátá, àmọ́ ìbéèrè tirẹ̀ á pọ̀.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ Ike Ekweremadu, tó ti jẹ́ igbákejì olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà wa rí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ilé ẹjọ́ kan ní London jù ú sẹ́wọ̀n ọdún 9 àti oṣù 8, nítorí ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n mú lọ síbẹ̀ kó lè fún ọmọ rẹ̀ ní kíndìnrín. Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n pè é níwájú àwọn dókítà. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní ti ẹ̀sìn, àwọn onímọ̀ fíkíhì àgbáyé tó pàdé ní Jeddah ní 1988 sọ pé èèyàn lè fi ẹ̀yà ara tọrẹ láti fi gba ẹ̀mí là, bí kò bá ní pa olùtọrẹ lára, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ tà á. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí àlùfáà bá òun wá ọ̀nà ẹ̀yìn, kó má wá bá mi.

Físà ìtọ́jú lè gba olùtọ́jú méjì mọ́ aláìsàn. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn mọ oúnjẹ sè.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, oògùn tí kò ní jẹ́ kí ara kọ kíndìnrín tuntun náà, ojoojúmọ́ ni wọn yóò máa lò ó, níwọ̀n ìgbà tí kíndìnrín náà bá ṣì ń ṣiṣẹ́. Kí ẹ tó wọ bàálù lọ, ẹ ti wá dókítà kíndìnrín tí yóò máa yẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wò nílé, bóyá ní UCH n'Íbàdàn tàbí ní LUTH l'Ékòó. Òun náà lẹ máa bi bóyá aláìsàn lè gba àwẹ̀. Nígbà tí ẹ bá sì ń ka iye owó fún jamáà, ẹ ka ti oògùn ọdún àkọ́kọ́ mọ́ ọn.