Bí Ìgbì Rédíò Ṣe Ń Bọ́ Lọ́wọ́ Gbohùngbohùn Òkè

Ẹni tí ó bá ké sí ẹlòmíràn láàrin àwọn òkè tí ó wà ní agbègbè Òkè-Ìlá, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, nítorí òkè ni ó dá a padà. Bí ó bá rọra sọ̀rọ̀, gbohùngbohùn kò lè dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń yára, ìparí ọ̀rọ̀ kìíní yóò bo ìbẹ̀rẹ̀ ìkejì mọ́lẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ìgbì rédíò rí. Láyé àwọn ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán àtijọ́, irú èyí tí WNTV fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní oṣù kẹwàá ọdún 1959, ìgbì tí òkè tàbí ilé gíga bá dá padà a máa pẹ́ kí ó tó dé. Nígbà náà ni àwòrán ènìyàn a máa ní òjìji lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.

Ìgbì tí ó fi kìlómítà 1 rìn jìnnà ju èyí tí ó wá tààrà lọ yóò pẹ́ tó nǹkan bí ìdá 3 nínú mílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá. Ó dà bí ẹni pé kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n láàrin àkókò yìí, ẹ̀rọ tí ń yára lè ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ àmì mìíràn ránṣẹ́, kí gbogbo wọn sì dàrú mọ́ra wọn.

Ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ ta sí i kò ṣòro láti yé ni. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ń sáré kó ogún àpò kòkó lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ní pẹ́ kọsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ogún alábàárù bá gbé àpò kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì rọra rìn pọ̀, ẹrù yóò dé láìsí ìkánjú. Robert Chang, ará ilé iṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà, gbé irú ètò yìí jáde ní ọdún 1966; ní ọdún 1971, Weinstein àti Ebert fi ìṣirò tí ó mú un rọrùn hàn. OFDM ni orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí.

Lórí ìgbì 4G tí ó fẹ̀ tó 20 megahertz, irú alábàárù bẹ́ẹ̀ tó 1,200. A tò wọ́n débi pé, bí ẹ̀rọ bá ń gbọ́ ọ̀kan, àwọn yòókù kò ní dí i lọ́wọ́. Àmì kọ̀ọ̀kan ń pẹ́ tó nǹkan bí ìdá 67 nínú mílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá, a sì fi àyè nǹkan bí ìdá 5 síwájú rẹ̀ kí gbohùngbohùn lè kọjá tán. Bí òkè bá sì pa alábàárù kan lára, ohun tí a fi sọ́wọ́ àwọn yòókù ni a ó fi tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ètò yìí kan náà ni amóhùnmáwòrán dígítà tí a ṣí ní Òṣogbo ní ọdún 2018 ń lò, òun náà sì ni 5G tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 2022 ń lò.

Àmọ́ ètò náà ní ìṣòro tirẹ̀. Bí gbogbo alábàárù bá gbé ẹsẹ̀ lé afárá onígi lẹ́ẹ̀kan náà, afárá lè ya. Nígbà mìíràn, gbogbo ìgbì wọ̀nyí a máa ga sókè pọ̀. Bí agbára ẹ̀rọ tí ń fi wọ́n ránṣẹ́ kò bá tó o, ọ̀rọ̀ yóò bàjẹ́. Bí a bá sì fi agbára púpọ̀ sí i, iná púpọ̀ ni yóò jẹ. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ fi ń wá àmì tí kì í ga jù. Nínú 4G, ọ̀nà tí tẹlifóònù alágbèéká fi ń fèsì sí òpó yàtọ̀ díẹ̀, kí bátìrì má baà tètè tán.

Ṣùgbọ́n kò sí ọgbọ́n kan tí ó lè mú ìgbì la inú òkè kọjá bí òkè bá dí i pátápátá. Nítorí náà, ìlú tí ó bá ń béèrè fún òpó ní ilẹ̀ olókè gbọ́dọ̀ béèrè ibi tí a ó rì í sí, bí yóò ti ga tó, àti ibi tí iná rẹ̀ yóò ti máa wá. Lórí èyí ni ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò dúró lé, àti ti àgbẹ̀ tí ń béèrè iye ọjà, àti ti aboyún tí ń ké pe nọ́ọ̀sì lóru.